Àǹtí Ambúláǹsì Ń Dá Yín Lóhùn: Ṣé Kí N Lọ Kọ́ṣẹ́ EMT?

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ EMT, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì inú ọkọ̀ ambúláǹsì, pé oṣù mẹ́rin péré ni, pé owó ń bẹ níbẹ̀, pé ibẹ̀ ni màá sì gbà di nọ́ọ̀sì. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló le níbẹ̀ jù? — Ìyá Ìbejì, Houston

Àbúrò mi, òótọ́ àti àbùmọ́ ló dà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ.

Ti oṣù mẹ́rin, kò purọ́. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi Houston Community College àti Lone Star ń kọ́ni níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Kí o ti pé ọdún 18, kí o ti jáde girama, kí o ní káàdì CPR (ìwé ẹ̀rí pé o mọ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró), kí o sì ti gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n bá ní kí o gbà.

Ti owó ló bù mọ́. Nínú ìṣirò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ọdún 2023, bí a bá to gbogbo EMT láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, nǹkan bí $38,900 lọ́dún ni ẹni tó wà láàrin ń gbà. Ti nọ́ọ̀sì lé ní $86,000. Ohun tó sì wà níwájú EMT ni paramedic, òṣìṣẹ́ ambúláǹsì tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jù ti EMT lọ, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni ti nọ́ọ̀sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì lọkàn rẹ fẹ́, gba ọ̀nà nọ́ọ̀sì lọ tààrà; má san owó ẹ̀ẹ̀mejì lórí ọjà kan.

Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ambúláǹsì gan-an ló ń pè ọ́, jẹ́ kí n sọ ibi tó le. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ni. Nígbà ìdánwò ọwọ́, ẹnìkan á dùbúlẹ̀ bí ẹni tó já bọ́ láti orí àkàbà, olùdánwò á mú bébà dání, á máa máàkì. Kí o tó fọwọ́ kan aláìsàn, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sókè ketekete pé o ti wọ ìbọ̀wọ́ àti pé o ti wò ó pé ibẹ̀ kò léwu. Gbàgbé rẹ̀, o ti féèlì, ì báà ṣe pé o mọ ẹ̀jẹ̀ dá dúró ju olùkọ́ lọ. Àwa tí wọ́n tọ́ pé kí á máa fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí á pa ẹnu mọ́, ibẹ̀ ló ti ń mú wa. Tẹ́ àwọn ìbejì sórí kápẹ́ẹ̀tì, kí o máa pariwo gbogbo ohun tí ò ń ṣe. Wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀.

Èkejì ni ojú tí ń tì wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń bá mi gun ọkọ̀, ọmọ wa ni, ń tọ́jú bàbá kan tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń ká ṣòkòtò léèsì bàbá sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ pé “ẹ má bínú, sà,” bàbá ń ké. Mo gba àlùmọ́gàjí, mo gé e láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Egungun ojúgun ti kán, ó ti yọ síta, aṣọ ló bò ó. Ìyàwó bàbá wò mí bí ẹni ń wo olè, léèsì olówó ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò rí, a kò lè tọ́jú.

Ibi tí ìwọ máa ti borí àwọn yòókù ni ìbéèrè. Wọ́n á kọ́ ọ láti bi aláìsàn nípa oògùn tó ń lò àti ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àgbà Yorùbá, bi í ní èdè rẹ̀ bóyá ó mu àgbo. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ìyẹn fún dókítà òyìnbó láéláé.

Ìdánwò ti National Registry, àjọ tó ń fún àwọn EMT ní ìwé ẹ̀rí ní Amẹ́ríkà, orí kọ̀ǹpútà ni: ìbéèrè 70 sí 120 láàrin wákàtí méjì. Bí o bá ṣe ń gbà á ni ẹ̀rọ á máa gbé èyí tó le sí i wá, nítorí náà bó bá ń le, má jáyà. Bí o bá yege, ó ku kí o gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Texas, wọ́n á sì gba ìtẹ̀ka rẹ. Ọdún méjì méjì ni wàá máa tún ìwé ẹ̀rí Registry yẹn ṣe.

Ẹni ọdún 46 ni mí, Uber ni mò ń wà. Ẹ̀yìn a máa dùn mí. Ṣé mi ò ti dàgbà jù fún EMT? — Awakọ̀, Chicago

Bọ̀dá mi, ọjọ́ orí kọ́ ni wàhálà yín, ẹ̀yìn yín ni. Ẹ mọ àwọn ilé alájà mẹ́ta tí kò ní lífítì ní Chicago yẹn? Ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín lẹ máa gbé aláìsàn sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, nínú yìnyín. Ẹ wo iṣẹ́ àwọn tó ń gba ìpè 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà: orí ìjókòó ni, wọ́n sì ń darí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ kọ́ CPR ná. Kò gbà ju ọjọ́ kan lọ, èrò tó bá dákú lẹ́yìn ọkọ̀ yín kò ní dúró de ambúláǹsì.