Mo Sunkún Nídìí Hamilton, Ọmọ Mi sì Bi Mí ní Ìbéèrè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 12, jọ wo Hamilton lórí tẹlifíṣọ̀n, eré olórin tó dá lórí Alexander Hamilton, ọ̀kan lára àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀. Nígbà tí Philip, ọmọ Hamilton, kú lójú ìyá rẹ̀, ẹkún ni mo bú sí. Eré parí, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe Washington yìí, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, ló ní ẹrú?" Ẹnu mi wọhò. Ojú wá ń tì mí pé mo sunkún. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Èmi náà sunkún. Ibi tí ìyá ti ń bá ọmọ ka ení, èjì ní èdè Faransé, tí ohùn ọmọ dákẹ́, tí ìyá ṣì ń kà á lọ, mo ní láti dá eré náà dúró kí n tó lè nu ojú. Ikú ọmọ náà kì í ṣe àròsọ: ọmọ ọdún 19 ni Philip nígbà tí ìbọn pa á ní 1801. Irú ìjà ìbọn ojúkojú bẹ́ẹ̀ ló pa bàbá rẹ̀ ní 1804.

Àmọ́ òótọ́ ni ọmọ rẹ sọ. Lọ́dún 1799 tí Washington kú, ẹrú 317 ló wà ní oko rẹ̀, Mount Vernon. Jefferson, tó kọ ọ́ sínú Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn, ẹrú tó ní láyé rẹ̀ lé ní 600. Eré náà dárúkọ oko ẹrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹrú kan tó bọ́ síwájú kọ orin tirẹ̀. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ nìyẹn, nítorí adúláwọ̀ ló ń ṣe Washington fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn púpọ̀.

Sọ ìtàn Ona Judge fún un. Ẹrú tó ń ránṣọ fún Martha, ìyàwó Washington, tó sì ń bá a múra ni. Ona gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun ta ọmọ-ọmọ Martha lọ́rẹ ìgbéyàwó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Karùn-ún 1796, ní Philadelphia, ààrẹ àti ìyàwó rẹ̀ wà nídìí oúnjẹ, Ona jáde nílé, ó di ọkọ̀ ojú omi, ó di Portsmouth ní New Hampshire. Wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá mú un wá yóò gba dọ́là 10. Washington rán ènìyàn sí i títí, kò padà. New Hampshire ló wà títí tó fi kú ní 1848.

Ẹ tún padà lọ wo ibi tí Washington ti ń kọrin dágbére fún ìlú nígbà tó fẹ́ kúrò nípò ààrẹ. Oṣù Kẹsàn-án 1796 ni ìwé ìdágbére rẹ̀ gan-an jáde. Jẹ́ kí ọmọ rẹ fi ìka ka oṣù náà: Ona ti lo bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó kúrò nílé Washington láìdágbére.