Ìtọ̀ lemọ́lemọ́: ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń pọ̀ tó

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ yín, ẹni ọdún 53, ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún lóru, tí ìyá rẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, tí oníkẹ́míìsì sì fẹ́ ta oògùn àtọ̀sí fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀nà yìí ni mo gbà kọjá, ojú mi sì rí tó.

Aláró ni mí, àdìrẹ là ń ṣe ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé tọ́wọ́ bá ti wọ inú aró, èèyàn kì í fẹ́ yọ ọ́ títí aṣọ á fi mu ún dáadáa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, màá bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, màá sáré lọ sẹ́yìn ilé, màá padà, n ò ní tíì wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀hún tán tí ìtọ̀ á tún fi gbọ̀n mí. Òùngbẹ ò sì jẹ́ kí n sinmi. Oníkẹ́míìsì ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì infection ni. Ó kó kápúsù fún mi. Nígbà tó tán, ó yí i sí òmíràn, ó tún fi abẹ́rẹ́ lé e. Kò ní kí n tọ̀ sínú ike kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń rù, ojú mi ń ṣe bàìbàì, infection náà la ṣì ń pè é.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá ra kámpálà lọ́wọ́ mi ló bi mí ní ohun tẹ́nì kankan ò bi mí rí: "Mọ́mì, tí ẹ bá tọ̀, ṣé ó máa ń pọ̀ ni, àbí díẹ̀ báyìí ló ń jáde?" Mo ní ó ń pọ̀ bí ẹni da omi nù. Ó ní kí n má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n wá bá òun. Wọ́n gún mi lọ́mọ ìka, ṣúgà mi lé ní 280 (mg/dL ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n). Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ò tíì jẹun láti alẹ́, tí tiẹ̀ bá tó 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ti dé nìyẹn.

Bí dókítà ṣe là á yé mi ni pé tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí 180, agbára kíndìnrín kì í ká gbogbo rẹ̀ mọ́, á máa bá ìtọ̀ lọ, á sì máa wọ́ omi ara tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń pọ̀ tí ọ̀fun sì ń gbẹ. Ẹ má fi omi du ọkọ yín nítorí kó lè sùn. Tó bá jẹ́ pé ṣúgà ló ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹ ń dá kún un ni. Àwọn àgbà máa ń wò ó bóyá èèrà bo ibi tí èèyàn tọ̀ sí. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ bí ẹ ò bá rí èèrà, ìyẹn ò ní kí ṣúgà má sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún ìka.

Ẹ wá ike tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára. Kí ó máa tọ̀ sí i tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa kọ àsìkò àti iye tó jáde sílẹ̀. Tó bá ń kọjá lítà mẹ́ta lójúmọ́, ṣúgà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Àmọ́ tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń tọ̀, tó máa ń dúró pẹ́ kó tó jáde, tí kò ta jìnnà, tó tún ń kán sí ṣòkòtò lẹ́yìn tó ti ṣe tán, ọkàn mi á lọ sí prostate, èyí tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ó sábà máa ń tóbi. Kí ẹ̀rù má bà á: kì í ṣe gbogbo èyí tó tóbi ni jẹjẹrẹ, dókítà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Àdàtán ní tirẹ̀. Ó lo oògùn kátà ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìtọ̀ sé mọ́ ọn nínú pátápátá. Ikùn rẹ̀ le bí igi, òógùn ń bò ó, ó ń ké bí ọmọdé. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìdí-Àbà la gbé e sáré lọ lóru, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ kí ìtọ̀ tó ráyè jáde. Oògùn kátà kan wà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkùnrin tí prostate rẹ̀ ti tóbi, ẹ sọ fún un.

Tí ìtọ̀ bá ń ta á bí ata, tó ń rùn, tó dúdú tàbí tó rí bí omi ògì, kòkòrò lè wà níbẹ̀, àmọ́ kí lábù sọ ọ́ kó tó gbé oògùn mì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń lé omi jáde lára. Tíì, bíà àti àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lọ́sàn-án náà lè máa tọ̀ lóru, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ará ibi tó sún mọ́ odò Ọ̀yán, tí ọmọ bá ń tọ̀ ṣáá, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ níparí ìtọ̀ rẹ̀, àtọ̀sí ajá nìyẹn lè jẹ́. Inú omi tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti ń kó o, láti ara ìgbín kéékèèké inú odò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ìsédò ibẹ̀ lọ́dún 1983 ni wọ́n ti ń bá a fà á. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, wọ́n á sì wọn ọmọ náà kí wọ́n tó mọ iye tó máa lò.

Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi di ọ̀la: ìtọ̀ tó sé pátápátá, ibà pẹ̀lú òtútù tó ń gbọ̀n èèyàn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn tó ń ro, ẹsẹ̀ tó ṣàdédé kú tìpìrì, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó wá ń bì, tó ń mí gúlegúle tàbí tó ń sùn ṣáá. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ì báà má dùn ún, kó rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Aláboyún máa ń tọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó bá ń ta á tàbí tára rẹ̀ gbóná, kó lọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tó tún bẹ̀rẹ̀, tó ń mu omi púpọ̀ tó sì ń rù, lọ́jọ́ náà ni.

Ti ọkọ yín, kó lọ láàárọ̀ láìjẹun, kó mú ìwé tí ẹ kọ àti gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà, ìtọ̀ àti prostate wò pa pọ̀. Tó bá ń tijú, ẹ bá a wọlé, kí ẹ̀yin sọ ọ́.