Ẹ Bi Bàbá Bíríkìlà: Yàrà Erédò Lórí Tábìlì

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. Márùn-ún ni mo mú nínú wọn. Mo fún ti àkọ́kọ́ láyè jù, torí ohun tó béèrè ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ẹpẹ́ lọ́sàn-án Sátidé.

Bàbá Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, fẹ́ fi bíríkì ìṣeré (LEGO) kọ́ Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí Ìjẹ̀bú ká, fún ọjọ́ àṣà ní ilé-ìwé wọn. Ó to ògiri méjì sórí pátákó, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín, ó ní yàrà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ògiri méjì lásán ni ẹnikẹ́ni tó bá wò ó ń rí. Òun náà mọ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn. Kí la máa ṣe? (Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìkòròdú)

Ẹ bá mi kí ọmọ náà dáadáa. Ojú rẹ̀ ríran.

Ibi tí ìṣòro wà rèé: bíríkì ìṣeré, òkè nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ gbé ọ̀kan lé ọ̀kan, ó ga sí i. Àwọn tó ṣe Erédò ní tiwọn, ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ lọ sísàlẹ̀, erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde ni wọ́n sì kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ inú, tó wá di òkìtì gbọọrọ. Yàrà àti odi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Àwa ò lè gbẹ́ tábìlì. Nítorí náà, ilẹ̀ gan-an la máa kọ́kọ́ kọ́. Kí ọmọ yín gbé gbogbo ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì yàrà sókè, kó wá fi àárín sílẹ̀ láìkọ́. Ojú pátákó tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló máa di ìdí yàrà. Níbi tí ilẹ̀ parí sí lápá kan, kó máa kọ́ lọ sókè sí i. Òkìtì nìyẹn.

Ìwọ̀n tí mo máa ń lò ni pé gíga bíríkì kan dúró fún mítà kan. Gíga bíríkì kan jẹ́ mìlímítà 9.6. Láwọn ibì kan, láti ìdí yàrà Erédò dé orí òkìtì rẹ̀ tó 20 mítà, nítorí náà bíríkì 20 la máa tò, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Èmi a máa fi 12 ṣe jíjìn yàrà, kí n fi 8 ṣe òkìtì. Ẹ má jẹ́ kó ronú pé òun máa kọ́ gbogbo rẹ̀ o: Erédò lé ní 160 kìlómítà. Pẹ̀lú ìwọ̀n tí mo sọ yìí, ti orí tábìlì náà máa gùn ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. Kó gé e bí ẹni gé búrẹ́dì, kó mú ègé kan tó gùn ní kókó 32 (kókó ni àwọn roboto kéékèèké tó yọ lórí bíríkì). Ègé kan yẹn tó láti fi han èèyàn bí inú rẹ̀ ṣe rí.

Bíríkì máa tó bí? Ó máa tó, tí kò bá fi bíríkì kún inú ilẹ̀. Ara tí ojú ń rí nìkan ló nílò bíríkì dáadáa. Bí ẹ bá ní Duplo nílé, àwọn bíríkì ńlá tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ kékeré, ẹ kó wọn sínú. Ìlọ́po méjì bíríkì kékeré ni wọ́n ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, bíríkì kékeré sì máa ń jókòó lé wọn lórí láìyẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gba àyè mẹ́jọ.

Àwọ̀ wá kù. Èmi fúnra mi ti sọ̀ kalẹ̀ sínú Erédò, lápá ibi tí wọ́n ń pe ìlú ní Erédò gan-an, kò jìnnà sí wa ní Ẹpẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi ni òtútù. Òòrùn ń ràn lókè, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ níbẹ̀ ara ògiri tutù, omi ń sun lára rẹ̀, nǹkan títutù bí ewéko kéékèèké sì bo apá ìsàlẹ̀. Mo gbójú sókè, ojú ọ̀run dà bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín igi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi to búlọ́ọ̀kù, síbẹ̀ mo dúró síbẹ̀, mo kàn ń fọwọ́ pa ògiri yẹn ni. Kò ní símẹ́ńtì, kò ní irin, ó dúró ṣánṣán. Yangí ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ṣe ló máa ń le sí i. Nítorí náà, kí ọmọ yín lo bíríkì pupa rúsúrúsú fún ara ògiri, kó fi aláwọ̀ ewé há a láàárín nísàlẹ̀, kó sì jẹ́ kí ògiri náà rí gbágungbàgun díẹ̀: kó sún bíríkì kan síwájú níhìn-ín, kó fà á sẹ́yìn ní kókó kan lọ́hùn-ún. Ọkọ́ àti ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ, kì í ṣe katapílà.

Kó má ṣe kó àwọn ọmọlangidi tó ń bá bíríkì wá sínú rẹ̀. Wọ́n ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ìyẹn á sọ wọ́n di òmìrán tó ga ju mítà mẹ́rin lọ, yàrà á sì kéré lójú. Èèyàn inú rẹ̀ ni kó fi bíríkì pẹlẹbẹ olókókó kan ṣe, kó gbé márùn-ún léra. Mẹ́ta nínú pẹlẹbẹ ló ń ṣe gíga bíríkì kan, nítorí náà márùn-ún yóò jẹ́ mìlímítà 16, gíga èèyàn bí èmi àti ẹ̀yin gẹ́lẹ́. Kó gbé ẹnì kan ṣoṣo sí ìdí yàrà. Ẹ ó rí bí àwọn tó bá wá wò ó ṣe máa dákẹ́.

Bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, kó mọ èyí: àwọn àgbà ń sọ pé Bílíkísù Súngbọ́, opó olówó tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parẹ́, Òkè-Èrí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde sì ni wọ́n ti ń ṣe ìbẹ̀wò sí ibojì rẹ̀. Ọkùnrin Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín 1505 sí 1508 pé yàrà ńlá yí Ìjẹ̀bú ká. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn tó wọ igbó náà kiri, ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ kúbíìkì mítà. Mo bá a ṣe ìṣirò tiwa: típà tó ń gba kúbíìkì mítà 5 máa ní láti kó o nígbà 700,000. Kò sì sí típà nígbà yẹn.

Mo ra bíríkì tòkunbọ̀ àpò kan. Ó dọ̀tí, ó sì ń rùn. Ṣé kí n sè é? (Ìyá oníṣòwò, Ẹpẹ́)

Rárá, ẹ má sè é, ó máa tẹ̀. Omi lílọ́wọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́. Ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ má sá a sójú òòrùn, àwọn funfun á pọ́n bí eyín arúgbó.

Ọmọkùnrin mi kọ́ ilé olódi tó ní ilé-ìṣọ́ mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé e láti orí tábìlì lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù ni igun rẹ̀ ń ya. Ṣé ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́? (Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù kàn án. Bíríkì tí a bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ti kú, kò ní lè di ohun mìíràn mọ́ láé.

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yín torí ó rán mi létí ohun kan. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, mo kọ́ ògiri ọgbà kan ní Ìtóìkín. Mo kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan parí, kí n tó wá lẹ ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ ọn. Òjò oṣù kẹfà rọ̀, igun náà ya láti òkè délẹ̀, ọwọ́ mi sì ń wọ inú rẹ̀. Mo wó o, mo fi owó ara mi tún un kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, igun ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ́.

Ohun kan náà ló ń ṣe ilé ọmọ yín. Ẹ wo igun rẹ̀: mo mọ̀ pé ojú ìpàdé bíríkì bára wọn dọ́gba lórí ìlà kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kó tú igun nìkan. Ní ìlà àkọ́kọ́, kí bíríkì olókókó mẹ́jọ ti ògiri ọ̀tún gba igun. Ní ìlà kejì, kí ti òsì gbà á. Kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn bẹ́ẹ̀ títí dókè. Nínú ògiri fúnra rẹ̀, kí bíríkì kọ̀ọ̀kan jókòó lé ààbọ̀ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ààbọ̀ èkejì. Ọ̀pá oníhò tó wà nínú ikùn bíríkì ló ń di kókó mú, ṣùgbọ́n bíríkì kan kò lè di èyí tí kò fara kàn mú. Kí ẹ sì máa fi pákó gbé e, ẹ má dì í mú lápá òkè.

Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ kí ọmọ wa mọ ìtàn wa, síbẹ̀ ilé olódi òyìnbó ni mo ń rí lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Kí ló kàn wá níbẹ̀? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ẹpẹ́)

Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Òótọ́ ni, méjì wà níbẹ̀ báyìí. Bí ó ṣe rí lọ́kàn mi ni mo máa sọ.

Bíríkì yìí fúnra rẹ̀, Billund ní ilẹ̀ Denmark ló ti wá. Káfíńtà ni Ole Kirk Christiansen tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1932, igi ló kọ́kọ́ fi ń ṣe ohun ìṣeré. Ní 1958 ni wọ́n béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíríkì tó ní ọ̀pá nínú. Ilé olódi aláwọ̀ yẹ́lò ti wọn jáde ní 1978. Ohun tó wà láyìíká wọn ni wọ́n kọ́, n kò sì lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Àwa la ò tíì kọ́ tiwa.

Ṣùgbọ́n mo fi ti wọn kọ́ ọmọ ní ohun kan. Ní 1215, Ọba John ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dó ti ilé olódi Rochester. Igun ilé-ìṣọ́ náà jẹ́ onígun mẹ́rin. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbẹ́ abẹ́ igun kan, wọ́n fi igi gbé e ró, wọ́n wá fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ 40 dáná sun igi náà. Igun náà wó lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, roboto ni wọ́n kọ́ ọ, títí dòní igun kan ṣoṣo yẹn kò jọ àwọn yòókù. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ́ méjèèjì. Fún èyí tó jẹ́ roboto, wọ́n ń to bíríkì olókókó méjì, kí roboto olókókó kan tẹ̀ lé e, títí lọ, ìlà tó tẹ̀ lé e a sì máa yẹ̀ díẹ̀. Ògiri náà máa ń tẹ̀ bí ẹní, a ó sì ká a yípo.

Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan bi mí pé, “Bàbá, báwo ni ọ̀tá á ṣe gbẹ́ abẹ́ Erédò?” Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá ògiri ló dáhùn: “Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dè é.” Ọ̀gá, ilé olódi òyìnbó ló mú ìbéèrè yẹn wá. Ẹ wá sí ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án Sátidé tí ń bọ̀, kí ẹ wá sọ ìtàn tiwa fún wọn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Àga yín wà níbẹ̀.

Ẹ káàsán o, Bàbá. Mo ń kọ́ odi ìlú tó tóbi, tí àwọn ọmọlangidi lè gbénú rẹ̀. Ọ̀nà wo ni àwọn èèyàn á máa gbà wọlé? (Ọmọ ọdún méjìlá, Ìjẹ̀bú-Ẹpẹ́)

O káre, ọmọ mi. Ẹnubodè lo ń wá. Ibẹ̀ ni agbára odi máa ń tán sí. Ní 1851, nígbà tí ogun Dàhòmì dé Abẹ́òkúta, ẹnubodè Aró ni ìjà ti le jù.

Jẹ́ kí ojú ọ̀nà fẹ̀ ní kókó mẹ́rin, kó ga ní bíríkì mẹ́fà, torí ẹni tó ń bọ̀ láti oko ru ẹrù lórí. Fi bíríkì gígùn kan ṣe lítẹ́lì, kó jókòó lé kókó méjì lọ́tùn-ún àti lósì. Má jẹ́ kí ọ̀nà náà tọ́ gbọnrangandan wọ àárín ìlú. Jẹ́ kó yà lẹ́yìn odi, kí ẹni tó bá fẹ́ sáré wọlé máa dẹ̀rìn. Fi pákó pẹlẹbẹ ṣe afárá sórí yàrà, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n lè yọ ọ́ lálẹ́.

Oníbodè wá ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Jókòó rẹ̀ sápá ọ̀tún, nínú òjìji, kó kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Kó owó ẹyọ síwájú rẹ̀. Bíríkì pẹlẹbẹ roboto funfun, olókókó kan, òun ni kí o fi ṣe ẹyọ. Ogún tó fún ìbẹ̀rẹ̀.