Owó Ti Jáde, Ọmọ Ò Tíì Gbọ́

Fíìmù lo ní kí n bá ọ yàn. Kubwa, ní Àbújá, ni ò ń gbé, ọmọ mẹ́ta lo bí, ẹni kẹrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ jẹ́ ọmọ àbúrò ọkọ rẹ, ọmọ ọdún 11, tí ẹ mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. O ní olóríkunkun ni, òpùrọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ́. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, o wá ń fẹ́ kàtúùnù tí ènìyàn burúkú inú rẹ̀ máa ń di ènìyàn gidi nígbẹ̀yìn, kí ọmọ náà lè wò ó kó sì yí padà.

Nínú lẹ́tà gígùn yẹn, o ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ bí ẹni tu eegun ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo: "Lóṣù tó kọjá, 15,000 náírà sọnù nínú yàrá wa. Òun la mú. Ó kọ́kọ́ ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, àmọ́ nígbà tí dádì wọn nà án dáadáa, ó jẹ́wọ́ pé òun fi ra sùyà. Alágbàfọ̀ padà bá owó náà nínú àpò agbádá dádì wọn. A ò sọ fún un, kó má baà máa gbéra ga sí wa. Ìyẹn kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ mi ṣá o, mà."

Kókó ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn. O pè mí ní màmá, màmá ló sì ń bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí. Jókòó.

Ta ló fi owó sínú agbádá? Ọkọ rẹ. Ta ló gbàgbé pé òun fi síbẹ̀, tó sì kó agbádá fún alágbàfọ̀? Ọkọ rẹ. Ta ló jẹgba? Mo wá inú lẹ́tà rẹ títí, mi ò rí ibi tó o ti sọ pé ọwọ́ ọkọ rẹ ò mọ́ tàbí pé ìwà rẹ̀ ń kọ ọ́ lóminú. Ó gbàgbé ni, ẹ̀dá sì ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ọmọ yẹn gbàgbé lórí sítóòfù, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìwà ìkà" ni.

Ọ̀rọ̀ sùyà yẹn ló dùn mí jù. Ìwọ fi ṣe ẹ̀rí pé irọ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, o ní kí n wo bó ṣe lè dúró níwájú àgbà kó máa hun irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Ó sọ òtítọ́ fún yín, ẹgba ló gbà. Ó pa irọ́, ẹgba dáwọ́ dúró. Ọmọ tó bá gbọ́n á mọ èwo ló lérè nílé yín. Ẹ tún wò ó náà: sùyà 15,000 náírà, ọmọ ọdún 11, òun nìkan, ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Odidi màlúù ló jẹ ni? Àgbàlagbà méjì wà nílé, kò sí ẹni tó fura.

Irú lẹ́tà báyìí pọ̀ lọ́dọ̀ mi, láti Kubwa, láti Nyanya, láti Lugbe, láti Mararaba, títí dé Kàdúná. Wọ́n á mú ọmọ ẹbí wá láti ilé, wọ́n á ní ilé ìwé Àbújá dára. Kò ní pẹ́, ọmọ náà ló ń gbé jẹrikéènì omi, òun ló ń tan jẹnẹrétọ̀, òun ló ń fọ aṣọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo sì ti ṣàkíyèsí ohun kan: bí owó bá sọnù nílé tó jẹ́ pé ọmọ bíbí nìkan ló wà ńbẹ̀, ẹ máa ń kọ̀wé sí mi pé ẹ wá owó. Bí ọmọ ẹbí bá wà ńbẹ̀, ẹ máa ń kọ̀wé pé ẹ mú ọmọ.

O ní àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè é ní "bàráwò", ìyẹn olè lédè Hausa, o wá kọ ọ́ bíi pé ẹlẹ́rìí tuntun lo rí. Níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Ariwo tí ẹ pa lọ́jọ́ tí ẹ nà án lẹ́nu ọ̀nà ni Hájíà tó múlé tì yín gbọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ènìyàn bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ẹni tó jalè ni wọ́n pa òwe yẹn fún o. Ẹ̀yin ti wá aṣọ náà fún ọmọ tí kò jí kọ́bọ̀.

Ó dáa, fíìmù. Mo fẹ́ràn irú wọn, mo sì ti bá àwọn ọmọ-ọmọ mi wo púpọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà rẹ fi bí mi nínú. O rò pé oògùn ìwà ni wọ́n, pé ọmọ burúkú á wò wọ́n tán, á ronú pìwà dà. Bóyá o sùn lọ nígbà tó o ń wò wọ́n. Nínú èyí tó dára lára wọn, àwọn ará ìlú ló máa ń kọ́kọ́ pe ẹnì kan ní burúkú, nígbà tí ẹni náà kò tíì ṣe nǹkan kan.

Wo Megamind, tí DreamWorks gbé jáde lọ́dún 2010. Ọmọ ọwọ́ méjì ni òbí wọn fi ránṣẹ́ sáyé nígbà tí ibi tí wọ́n ti wá fẹ́ parun. Ọ̀kan balẹ̀ sílé olówó. Èkejì, tí awọ rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí orí rẹ̀ sì tóbi, balẹ̀ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló tọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń yan ẹgbẹ́ nílé ìwé, òun ló máa ń kù sílẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni wọ́n ń bá wí. Ó wá bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé bó bá jẹ́ ìwà burúkú nìkan ni òun mọ̀ ọ́n hù, òun á kúkú hù ú dé góńgó. Ẹni tí wọ́n wá gbé agbára akọni fún nínú fíìmù kan náà, òun ló padà fẹ́ run ìlú. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ kò tíì dé ibi tí Megamind dé, ṣùgbọ́n ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì sanwó ọkọ̀.

O tún ní ẹ máa mú àwọn ọmọ lọ sí sinimá ní Jabi, pé òun náà á bá yín lọ "bó bá ṣe dáadáa". Lọ wo Wreck-It Ralph, ti Disney, ọdún 2012. Inú géèmù ni Ralph ń gbé, iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un ni kó máa wó ilé, kí Felix sì máa tún un ṣe. Fún ọdún 30, Felix ń gba mẹ́dàlì, Ralph ń sùn lórí òkìtì bíríkì. Wọ́n ṣe ayẹyẹ ọdún 30 náà, wọn ò pè é. Nígbà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó bá kéèkì tí wọ́n mọ àwòrán gbogbo wọn lé lórí: Felix wà lókè téńté, òun wà nísàlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní bóun náà bá rí mẹ́dàlì gbà, á bá wọn gbé lókè. Ó lọ gba mẹ́dàlì lóòótọ́. Ìgbà tó fi máa gbé e dé, ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì kó jáde. Níbi ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin rẹ tó o ròyìn fún mi, o dárúkọ gbogbo ẹni tó jẹ kéèkì. Ọmọ yẹn, o ní ó ń fọ àwo.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wàá wò, wo Encanto, ti ọdún 2021, èyí tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Ìdílé kan ní Kòlóńbíà ni, gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ibẹ̀ ló ní ẹ̀bùn ìyanu tirẹ̀, àfi Mirabel, ọmọbìnrin tí ìtàn dá lé lórí. Bruno, arákùnrin ìyá rẹ̀, máa ń rí ọjọ́ iwájú. Bó bá rí ohun tí kò dára tó sì sọ ọ́, wọ́n á ní òun ló fà á. Nígbà tó yá, wọn ò dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́, wọ́n gbà pé ó ti sá lọ. Kò lọ síbì kankan. Ó ti lo ọdún 10 nínú ògiri ilé náà. Ìdí tó fi sá pamọ́ ni pé ó rí ìran kan nípa Mirabel, ó mọ̀ pé bí ìdílé bá rí i, ọmọ náà ni wọ́n máa di ẹ̀bi rù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe di í ru òun. Ó wá gbé tábìlì sí ẹ̀yìn ògiri tó kángun sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ó ya àwo sí i, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó lè máa ṣe bíi pé òun ń bá wọn jẹun.

O kọ̀wé sí mi pé ọmọ yẹn "kì í fẹ́ jókòó tì wá ní pálọ̀, ilé ìdáná ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló fẹ́ràn". Ó fẹ́ràn ibẹ̀? Wo ibi tí Bruno ti ń jẹun, kó o wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ti Despicable Me tó o dárúkọ fúnra rẹ, tó o ní kí ọmọ náà fi Gru, ọ̀daràn inú rẹ̀ tó padà di ènìyàn gidi, ṣe àwòkọ́ṣe. Gru lọ gba ọmọbìnrin mẹ́ta nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Bísíkíìtì ni àwọn ọmọ náà ń tà káàkiri, ó sì fẹ́ gba ibẹ̀ wọ ilé ọ̀tá rẹ̀ lọ jalè. Kò wá ọmọ rárá, ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́ ló ń wá. Ìgbà tó yá ló di bàbá. Nílé yín, ọmọ yẹn kọ́ ni Gru. Ìwọ àti ọkọ rẹ ni.

Ọkọ rẹ ní fíìmù tirẹ̀, How to Train Your Dragon, ọdún 2010 náà ni. Àwọn drágónì ń jí àgùntàn àwọn ará abúlé Berk gbé, àwọn ará Berk ń pa wọ́n láti ayébáyé, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìdí. Hiccup, ọmọ olórí abúlé, ta ọ̀kan lulẹ̀, lẹbẹ ìrù rẹ̀ kan gé, kò lè fò mọ́. Ìgbà tó sún mọ́ wọn ló tó mọ̀ pé drágónì ràgàjì kan ló ń jẹ wọ́n nípá: èyí tí kò bá gbé oúnjẹ wá, òun gan-an ló máa di oúnjẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí ọkọ rẹ fojú sí ni ọwọ́ Hiccup. Ọwọ́ tó ta á lulẹ̀ náà ló rọ lẹbẹ mìíràn fún un, tó ń wọ̀ ọ́ fún un, tó ń tún un ṣe títí ó fi fò. Kò sọ pé kó má baà gbéra ga.

Ìgbéraga! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tí bàbá rẹ̀ jìnnà, tí wọ́n ń pè ní olè ní àdúgbò, tó ń dá jẹun nílé ìdáná, kí ló fẹ́ fi gbéra ga? Ẹ ò fẹ́ kí ọmọdé rí àṣìṣe àgbà ni. Ó ti rí i tipẹ́. Nínú gbogbo yín, òun nìkan ló mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òun ò mú owó yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n, ọkọ rẹ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Òun ni, kì í ṣe ìwọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ló na ọmọ. Kó pe ọmọ náà jókòó, kí àwọn mẹ́ta yòókù wà ńbẹ̀, kó ní: èmi ni mo fi owó yẹn sínú àpò mi, ìwọ ò mú un, mo nà ọ́ láìṣẹ̀, má bínú. Kó dákẹ́ síbẹ̀. Bó bá ti fi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" kún un, ó ti bà á jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó mú ọmọ náà dání lọ bá Hájíà, kó tún un sọ lójú àwọn ọmọ Hájíà. Bàbá ọmọ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp pé ọmọ rẹ̀ ń jalè, ẹ fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ sí i, kí ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó máa gbọ́. Ìwọ ní tìrẹ, gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kúrò nílé ìdáná lálẹ́ òní.

Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà le lóòótọ́. Bó bá ṣẹ̀ lọ́la, ẹ bá a wí nítorí tọ̀la.

O béèrè èwo ni kó kọ́kọ́ wò. Ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ máa kọ́kọ́ wo Encanto, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ fún ọmọ yẹn ní rìmóòtù. Ohun tó bá yàn ni gbogbo ilé máa wò. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ló yàn, ẹ jókòó wo bọ́ọ̀lù.