Ẹlẹ́sẹ̀ Yíyá Tó Jókòó Sílẹ̀

Àbúrò, o béèrè pé kí ló dé tí Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, fi ń pe Achilles, akọni ogun, ní "ẹlẹ́sẹ̀ yíyá" níbi tí ọkùnrin náà jókòó sí, tí kò sáré lọ síbì kankan. Ìbéèrè gidi ni. Èsì tí wọ́n fún ọ ló bí mi nínú. O ní olùkọ́ rẹ sọ pé ọ̀rọ̀ ni kò tó akéwì náà lẹ́nu, pé ṣe ló ń tún ohun kan náà sọ kí ìwé rẹ̀ lè nípọn. Ìwé wo? Ta ló sọ fún un pé ẹni tó mú kálàmù lọ́wọ́ ló gbé iṣẹ́ yẹn jáde?

Ibi tí o tọ́ka sí wà nínú ìwé kìn-ín-ní, ìyẹn apá kìn-ín-ní, Iliad, ewì Homer lórí ogun tí àwọn Gíríìkì gbé ja ìlú Troy. Agamemnon, olórí ogun Gíríìkì, ti gba Briseis, obìnrin tí wọ́n kó lójú ogun, mọ́ Achilles lọ́wọ́, Achilles bínú kọ ogun, ó lọ jókòó ti àwọn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti sọ pé ó jókòó yẹn gan-an ni wọ́n ti pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ yíyá! Kò tán síbẹ̀. Aegisthus tó gba ìyàwó Agamemnon, tó tún pa ọkọ, "aláìlẹ́gàn" ni wọ́n pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ Odyssey, ewì Homer kejì, tó sọ bí Odysseus ṣe rìn láti ogun yẹn padà sílé.

Ìwọ̀n ìlà ló fà á. Ìlà kọ̀ọ̀kan pín sí ìwọ̀n mẹ́fà, tí sílébù gígùn àti kúkúrú ń tẹ̀lé ara wọn létòlétò nínú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ lórin níwájú èrò kò lè dúró ronú. Bí ìlà bá ń parí lọ tó sì fẹ́ dárúkọ Achilles, àyè tó ṣẹ́ kù ló máa sọ orúkọ tí yóò pè é. Ní èdè Gíríìkì, àyè kékeré: dios Achilleus, Achilles ọlọ́lá. Ó fẹ̀ díẹ̀: podas ōkys Achilleus, ẹlẹ́sẹ̀ yíyá. Ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: podarkēs dios Achilleus, ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ọlọ́lá. Wá gbé ti Odysseus sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: dios Odysseus, polymētis Odysseus, ọlọ́gbọ́n àrékérekè, polytlas dios Odysseus, ẹni tójú rẹ̀ ti rí màbo. Pè wọ́n sókè, kó o gbọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe bá ẹnìkejì rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀lẹ kọ́ ló ṣe èyí.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé oríkì lásán ni. Oríkì lè dá dúró láàárọ̀, kí wọ́n fi jí ọmọ. Èyí kò ní ibùgbé mìíràn ju inú ìlà lọ.

Milman Parry, ará Amẹ́ríkà, ló fi èyí hàn ní Paris lọ́dún 1928. Nígbà tó yá, ó kó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Yugoslavia lọ bá àwọn olórin tó ń ta gusle, gòjé tiwọn. Ní 1935, ọ̀kan nínú wọn, Avdo Međedović, tí kò mọ̀wé kọ, tí kò mọ̀wé kà, pe orin kan tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìlá ìlà. Odyssey fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọdún yẹn náà ni Parry kú, ọmọ ọdún 33 péré.

Àwọn kan ṣì ń jà pé akéwì mọ̀ọ́mọ̀ ń yan orúkọ. Ibi tí wọ́n máa ń gbá mú ni ìwé kẹta Iliad. Helen, obìnrin Gíríìkì tí ogun náà tìtorí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, dúró lórí odi Troy, ó ń wo àwọn ọmọ ogun Gíríìkì, ó ń wá àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèjì. Kò rí wọn. Ó rò pé bóyá ìtìjú tòun ló jẹ́ kí wọ́n sá pamọ́. Akéwì wá ní ilẹ̀ tó ń fúnni ní ìyè ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ ní Lacedaemon, ìlú wọn. Ilẹ̀ tó ń fúnni ní ìyè, tó sì bo òkú! Wọ́n ní ẹkún akéwì nìyẹn. Mo gbà pé ó dun ẹni, ó sì ti mú omi bọ́ lójú èmi náà. Síbẹ̀, ẹ̀yìn Parry ni mo wà: ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ìlà ló pè é wá, àwa tó ń gbọ́ la bá ìtumọ̀ náà pàdé.

Pípe Muse, òrìṣà orin, ní ìbẹ̀rẹ̀, àkójọ ọkọ̀ ojú omi inú ìwé kejì, bíbẹ̀rẹ̀ ìtàn láàárín: gbogbo ìwọ̀nyí wà, kò ṣòroó yé. Ohun tó ń dùn mí ni pé ojú nìkan làwọn èèyàn fi ń ka ewì tí wọ́n ṣe fún etí. Òmíràn ò tilẹ̀ kà á, fíìmù ló wò, á wá máa wá ẹṣin onígi, èyí tí àwọn Gíríìkì fara pamọ́ sínú rẹ̀ wọ Troy, nínú Iliad. Kò sí níbẹ̀ o. Ìsìnkú Hector, akọni Troy, ni Iliad parí sí. Ìwé kẹjọ Odyssey ni kó o lọ. Demodocus, olórin afọ́jú, ló kọ ìtàn ẹṣin náà níbẹ̀. Odysseus ló ní kó kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, láìsí ìwé kankan lọ́wọ́. Fi ibẹ̀ han olùkọ́ rẹ.