Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Nọ́ńbà Màmá Ti Di Ti Ẹlòmíì

Òkun o, gbogbo ẹ̀yin ènìyàn wa, Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, mẹ́rin la mú. Ẹ má bínú tí èsì ọ̀kan bá gùn ju tàwọn yòókù lọ, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló ká mi lára, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ló ti ṣẹlẹ̀.

Oníṣòwò kan, Ìyàrà: Ẹ̀gbọ́n, bánkì ń jẹ káàdì mi o. Tí mo bá ti tẹ kóòdù pé kí n fowó ránṣẹ́ sáwọn tí mo ń ra gaàrí lọ́wọ́ wọn, káàdì orí fóònù mi á dín. Kì í rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni mo máa bá jà?

Èsì: Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà, owó yẹn bófin mu. Naira 6.98 ni wọ́n ń gbà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá wọ orí kóòdù bánkì, ìṣẹ́jú-àáyá 120, ìyẹn ìṣẹ́jú méjì, sì ni ìgbà kan. Inú àkáǹtì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ lè má kíyè sí i rárá, àmọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ìjọba ti ní kó máa wá látorí káàdì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ gbà kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì àtiye owó sórí bébà kẹ́ ẹ tó tẹ kóòdù, kẹ́ ẹ má baà wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nọ́ńbà kiri.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ò tẹ nǹkan kan tí káàdì ṣì ń lọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi yín sórí orin ìpè tàbí ìròyìn bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ ò bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ pe 300, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ netíwọ́ọ̀kì yín, kí wọ́n yọ yín kúrò. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn dáadáa, ẹ pe 622, ti NCC nìyẹn, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ netíwọ́ọ̀kì, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì ìpolówó ọjà tó ń wọlé láàárọ̀ lálẹ́, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442, ó parí.

Ọmọ Ìsánlú kan tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìsánlú ni wọ́n wà, owó ìfẹ̀yìntì wọn ló ń wọ àkáǹtì wọn. Nígbà tí fóònù kékeré wọn bàjẹ́, mo ra òmíì fún wọn pẹ̀lú síìmù tuntun, wọ́n wá fi ọ̀rá wé síìmù àtijọ́, wọ́n fi í sínú Bíbélì. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe nọ́ńbà yẹn, ọkùnrin kan tó ń sọ Haúsá ló gbé e. Ó ní Jos lòun wà, pé òun ra síìmù òun ni, àti pé àlẹ́ẹ̀tì owó kan ń wọlé sórí ẹ̀ lóṣooṣù tóun ò mọ ẹni tó ni ín. Bùrọ̀dá mi ní ká lọ fọlọ́pàá mú un. Kí la máa ṣe?

Èsì: Bánkì lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Tílẹ̀ bá ti mọ́, ẹ gbé màmá, ẹ mú NIN wọn dání, ẹ lọ sí ẹ̀ka bánkì wọn, kí wọ́n yọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò lórí àkáǹtì, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí BVN náà, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò, kí wọ́n sì pa kóòdù ìfowóránṣẹ́ tó wà lórí ti àtijọ́ yẹn. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á bá yín ṣe é lórí fóònù. Màmá fúnra wọn ni kó lọ tẹ̀ka. Mo ń kán yín lójú torí pé nọ́ńbà ni bánkì mọ̀, kò mọ ojú màmá, ibi tí nọ́ńbà bá wà ló ń fi OTP, ìyẹn kóòdù àṣírí téèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sí, ẹni tó bá sì rí OTP tó tún mọ orúkọ àti ọjọ́ orí èèyàn ti rìn jìnnà.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ WhatsApp màmá, tí wọ́n bá ṣì ń lò ó lórí nọ́ńbà àtijọ́ yẹn. Ẹ lọ síbi Settings, ẹ tẹ Account, ẹ máa rí Change number níbẹ̀, ẹ kó o sórí tuntun kí ọ̀gbẹ́ni yẹn tó ṣí tiẹ̀, torí ọjọ́ tó bá fi nọ́ńbà yẹn ṣí WhatsApp ni ti màmá máa já.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bùrọ̀dá yín. Ọkùnrin yẹn ò jalè. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sanwó, wọ́n fi NIN ẹ̀ sí i, wọ́n fún un ní síìmù tuntun nínú páálí, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìyá kan ní Ìsánlú ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tún wá jẹ́ olóòótọ́, òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ fún yín pé àlẹ́ẹ̀tì ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é padà kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó bá yín pa àwọn àlẹ́ẹ̀tì yẹn rẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Òfin NCC ni pé tí nọ́ńbà kan bá lo oṣù mẹ́fà tí kò ṣe nǹkan kan tó ń mówó wọlé fún ilé iṣẹ́ netíwọ́ọ̀kì, bíi ká fi pe èèyàn tàbí ká fi ra dátà lò, wọ́n lè pa á. Tó bá tún lo oṣù mẹ́fà mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí wọ́n tà á fún ẹlòmíì. Wọn ò kàn gbé òfin yẹn kalẹ̀ láti fìyà jẹni o. Nọ́ńbà fóònù wa, 11 ni, tẹ́ ẹ bá yọ mẹ́rin iwájú bíi 0803, méje ló kù, méje yẹn ò lè bí ju nọ́ńbà mílíọ̀nù 10 lọ lábẹ́ iwájú kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2001 tí GSM ti wọ Nàìjíríà, ẹ wo iye síìmù táwọn èèyàn ti rà tí wọ́n jù nù. Tí wọn ò bá lo èyí tó kú padà, nọ́ńbà á tán. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ nìyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, ṣebí gbogbo wa la rí àwọn ìyá àti bàbá wa tí wọ́n tò sínú oòrùn, tí ẹ̀rọ ò rí ìka wọn kà torí ọkọ́ àti àdá ti pa ìlà ọwọ́ wọn rẹ́, tí wọ́n á tún fi ọtí sípíríìtì nù ún, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wọ́n á ní kí wọ́n lọ padà wá lọ́la. Kó tó dìgbà yẹn, láti ọdún 2014 ni bánkì ti gba ìka kan náà yẹn fún BVN. Ó túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ síìmù mọ̀ pé màmá ló ni nọ́ńbà, bánkì náà mọ̀, ìka tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Kí ló wá dé tí wọn ò lè sọ fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e sórí àtẹ? A ti forí fara jìyà torí àkọsílẹ̀ yẹn, ó yẹ kó dáàbò bò wá. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣòfin, nọ́ńbà tó bá ṣì wà lórí BVN ẹnikẹ́ni ò ní dé ṣọ́ọ̀bù títí bánkì á fi yọ ọ́, wọ́n á sì fi lẹ́tà tàbí ìpè sórí nọ́ńbà mìíràn tó wà lábẹ́ NIN ẹni náà sọ fún un pé, màmá, a fẹ́ gba nọ́ńbà yín o, ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ? Kò le tó bẹ́ẹ̀. NCC àti CBN ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú wa l'Ábújá sì bá wa gbé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábúlé tí netíwọ́ọ̀kì ò ti sí, ẹ tún gbọ́ èyí, torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Òfin yẹn ní àyọsílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àìsí netíwọ́ọ̀kì ni ò jẹ́ kéèyàn lo nọ́ńbà ẹ̀, kò yẹ kí wọ́n gbà á. Tí òpó yín bá bàjẹ́ tó sì pẹ́, ẹ pe 622 látibi tí ẹ bá ti rí netíwọ́ọ̀kì, ẹ fẹjọ́ sùn, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pè sílẹ̀. Ẹni tó sì ní síìmù tó tì sínú dúrọ́ọ̀ báyìí, kó fi í sínú fóònù lónìí, kó fi pe èèyàn kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kábbà: Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mọ́mì mi rà fún mi, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti parí. Oníṣẹ́ kan ní kí n mówó wá kóun fi 11 sí i tipátipá, ẹlòmíì ní kí n tètè tà á kó tó kú. Ẹ̀rọ náà ò sì ní ìṣòro kankan.

Èsì: Àbúrò mi, má tà á, má sì tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Lóòótọ́, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft jáwọ́ nínú Windows 10, àmọ́ kọ̀ǹpútà ẹ ò ní kú. Ohun tí wọn ò fúnni mọ́ ni àtúnṣe tó ń dí ojú ihò táwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i lewu ẹ̀ á máa pọ̀ sí i, pàápàá tó o bá ń fi wọ bánkì.

Kọ́kọ́ wò ó fúnra ẹ. Tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, kọ tpm.msc síbẹ̀, tẹ Enter. Ojú kan á ṣí, wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tó o bá rí Specification Version 2.0 níbẹ̀, ìrètí wà, torí TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà, wà lára ohun tí Windows 11 ń béèrè, pẹ̀lú RAM 4GB àti àyè 64GB. Tó bá jẹ́ Intel ló wà nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ èyí tó wà ṣáájú ìran kẹjọ ni wọn ò gbà. Èyí tí oníṣẹ́ fẹ́ fi tipá ṣe yẹn lè ṣiṣẹ́ o, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé ibẹ̀, o kàn san owó lórí ewu kan náà ni.

Tí kò bá gba 11, lọ síbi Windows Update, àyè ìforúkọsílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ESU, àtúnṣe á máa wọlé títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. O lè san 30 dọ́là, tàbí kó o jẹ́ kó máa kó Settings ẹ sórí àkáǹtì Microsoft, kó o má sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn, Linux Mint wà tó lè rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice, ètò ìkọ̀wé tó wà lórí ẹ̀, náà tó fi kọ iṣẹ́ iléèwé. Kó gbogbo fáìlì ẹ sórí fláàṣì kó o tó dán an wò.

Ohun kan bí mi nínú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà táwọn ẹgbẹ́ oníbàárà ní Yúróòpù pariwo, Microsoft gbà pé káwọn èèyàn ibẹ̀ gba ESU ọdún kan láìsan kọ́bọ̀, láì sì fi dandan lé kíkó Settings sórí àkáǹtì. Windows kan náà ni, àwa náà ló ń lò ó. Tòkunbọ̀ táwọn ibẹ̀ jù nù la sì ń rà níbí, àwa ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ yìí kàn jù. FCCPC tiwa, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, kì í ṣe ọ̀lẹ, oṣù keje ọdún 2024 ni wọ́n bu 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta tó ni Facebook àti WhatsApp, nítorí ìwà tí wọ́n ń hù sáwọn oníbàárà Nàìjíríà. Ẹni tó lè ṣèyẹn lè kọ lẹ́tà sí Microsoft pé, ẹ fún tiwa náà. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Òǹkàwé kan, Mọ̀pà: Mo fẹ́ ra fóònù tòkunbọ̀. Kí ni kí n wò kí wọ́n má baà ta ti olè fún mi?

Èsì: Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tó máa jáde yẹn, ẹyọ 15 ni, gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu, tí páálí bá wà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á nu gbogbo inú fóònù dànù lójú yín, kó tún un ṣí. Tí fóònù bá ń béèrè àkáǹtì Google ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, tí ẹni yẹn ò sì lè kọ ọ́, ẹ gbé e fún un padà. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn lára.