Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Báwo ni a ṣe lè fi eré tí òǹwòran ń dá sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kópa nínú ọ̀rọ̀ ìlú?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdúgbò wa ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 14 sí 19. A ti ṣe eré fún wọn rí lórí ìdí tó fi yẹ kí ará ìlú máa dìbò, kí wọ́n sì máa bá ìjọba sọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ sílé, kò sì sí ohun tó yí padà. Mo wá gbọ́ pé irú eré kan wà tí àwọn tó ń wòran fúnra wọn máa ń bọ́ sójú agbo láti yí ìtàn náà padà. Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ṣé ó wúlò fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18? Àwọn òbí kan sì ń bẹ̀rù pé àwọn olóṣèlú ni yóò gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìdáhùn:

Ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ wa o. Irú eré bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, òun gan-an sì ni mo fi ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Yábà àti ní Súrùlérè. Kí n tó ṣàlàyé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó fà á tí eré yín àkọ́kọ́ fi parí sórí àtẹ́wọ́. Eré tí ará ìlú rere ti dìbò, tí ìjọba ti ṣe ọ̀nà, tí gbogbo ènìyàn sì jó wọlé, ti bá òǹwòran ṣe gbogbo iṣẹ́ tán. Kò ku ohun tí yóò ṣe ju kí ó pàtẹ́wọ́ lọ. Nínú eré àjọṣe, bí èmi ṣe máa ń pè é, ìtàn náà kò gbọdọ̀ yanjú. Ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kùnà lójú gbogbo ènìyàn, ìkùnà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ó lè yẹ̀ bí ó bá gba ọ̀nà mìíràn, kí ẹnìkan láàárín àwùjọ lè dìde láti gba ipò rẹ̀.

Augusto Boal, olùdarí eré orí ìtàgé tí a bí ní ọdún 1931 ní Brasil, orílẹ̀-èdè tí àwọn Àgùdà Èkó ti padà wá sílé, ni ó fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti mú un tí ó sì ń gbé ní ìlú òkèèrè. Ohun tí ó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé nígbà tí ó padà sílé, wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú Rio de Janeiro, ipò tí àwa ń pè ní kánsẹ́lọ̀, ó sì wà níbẹ̀ láti ọdún 1993 títí di 1996. Ó ń gbé eré lọ sí àwọn àdúgbò, ó ń kọ àbá àwọn òǹwòran sílẹ̀, ó sì ń gbé e lọ sí ìgbìmọ̀, títí òfin 13 fi ti ibẹ̀ jáde. Eré àti ìṣèlú kì í ṣe àjèjì síra wọn nílẹ̀ wa náà. Hubert Ògúndé, tí eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọdún 1944, ṣe Yorùbá Ronú ní ọdún 1964, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ká ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lára débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1966 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò lórí ẹgbẹ́ rẹ̀. Eré ńlá ni, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni òǹwòran wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀.

Iṣẹ́ tó le jù ni yíyan ọ̀rọ̀ tí eré náà yóò dá lé, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà. Tí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ohun tó ń dùn wọ́n, wọn yóò dárúkọ ìwà ìbàjẹ́, àìríṣẹ́ṣe àti iná mànàmáná. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí tábìlì kan ní Ẹ̀búté Mẹ́tta tí ọmọ ọdún 16 lè dé ní ọjọ́ Ajé kí ó sì bá ìwà ìbàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ máa bi wọ́n síwájú títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé ibi tí òṣìṣẹ́ kan pàtó, ní ọ́fíìsì kan pàtó, ti lè ṣe nǹkan sí i: gọ́tà tó dí lẹ́yìn ọjà, iná òpópónà tí kò tàn ní ọ̀nà ilé ìwé, ìdọ̀tí tí kò sẹ́ni tó ń kó. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ọjà, ibùdókọ̀, òpópónà, gọ́tà, iná òpópónà àti kíkó ìdọ̀tí sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń darí eré ka ibẹ̀ kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ti Èkó tún ní ìdíjú tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin mọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún yọ LCDA, ìyẹn àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, 37 láti inú wọn, gbogbo rẹ̀ wá di 57. Ẹni tó ń gbé ní agbègbè Ẹ̀búté Mẹ́tta àti Yábà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Lagos Mainland ni ilé rẹ̀ bọ́ sí tàbí LCDA Yábà. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì kéékèèké jẹ́ ti káńsù, àwọn kánáálì ńlá tó ń gbé omi lọ sínú ọ̀sà jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí sì kan LAWMA, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìdọ̀tí. Mímọ ẹni tó ni iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá fúnra rẹ̀. Ẹ fi sínú eré náà, kí ọ́fíìsì kan lè sọ pé "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa," nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò ṣe gbọ́ ọ níta.

Èyí ni àpẹẹrẹ eré kan tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, tí kò ju ìran mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà rí i pé gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ wọn ti dí, omi sì ń ya wọ inú ọjà ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀. Ó sọ fún alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, bàbá náà sì ní ọmọdé kì í dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá gba káńsù lọ. Akọ̀wé kan jókòó níbẹ̀, ó ń tẹ fóònù. "Ta ló rán ẹ wá?" "Kò sẹ́ni tó rán mi, mà." "Ọ̀gá ò sí lórí síìtì. Padà wá lọ́jọ́bọ̀." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Eré parí síbẹ̀.

Ẹni tí a ń pè ní atọ́kùn yóò jáde láti bi àwùjọ bóyá bó ṣe yẹ kó parí nìyí. Wọn yóò pariwo pé rárá. Yóò sọ fún wọn pé eré náà yóò tún bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tó bá rí ibi tí ọmọbìnrin náà ti lè ṣe nǹkan mìíràn kí ó kígbe "Dúró!", kí ó sì wá gba ipò rẹ̀. Ipò ọmọ náà nìkan ni wọ́n lè gbà, tàbí ti ẹni tó lè gbèjà rẹ̀; wọn kò gbọdọ̀ gba ipò akọ̀wé láti sọ ọ́ di ènìyàn rere, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀ ní káńsù. Àwọn òṣèré náà kò sì gbọdọ̀ tètè gbà fún ẹni tó bá wọlé.

Ẹni àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ọmọkùnrin tí yóò lu tábìlì pé, "Owó wa lẹ fi ń gba owó oṣù!" Àwùjọ yóò hó, akọ̀wé yóò pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn yóò sì mú un jáde. Ẹni tó tẹ̀lé e yóò bẹ̀bẹ̀, yóò gba ìlérí, yóò sì lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan yóò mú lẹ́tà wá. Akọ̀wé yóò gbà á, yóò jù ú sínú dúrọ́ọ̀, atọ́kùn yóò sì béèrè pé, "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ báyìí?" Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹlòmíràn yóò dìde pẹ̀lú ẹ̀dà méjì: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kejì yìí." "Òǹtẹ̀ ò sí níbí." "Kò burú, mà. Ẹ bá mi kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sí i, kí ẹ sì buwọ́ lù ú." Ẹ dá eré dúró níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn tún un ṣe, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ẹnu wọn yóò fi mọ́ ọn.

Mo ń tẹnu mọ́ ibẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. A tọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹni tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà lẹ́ẹ̀mejì ti di aláfojúdi, nítorí náà, bí wọ́n bá dé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n mọ̀: kí wọ́n tẹrí ba kí wọ́n máa lọ, tàbí kí wọ́n bú u. Kò sí èyí tó ń kó gọ́tà nínú méjèèjì. Nínú eré ni ọmọ ti ń rí i pé òun lè kúnlẹ̀ kí òun má sì kúrò níbẹ̀, pé òun lè pe ènìyàn ní mà kí òun sì tún ìbéèrè náà béèrè. Àwíyé kò lè kọ́ ọmọ ní èyí, nítorí ohùn àti ìdúró ara ni ọ̀rọ̀ wà. Àfi kí ó ṣe é lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ atọ́kùn ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò gbọdọ̀ ṣe adájọ́, torí bó bá ti sọ pé "Èyí dára," gbogbo àwọn tó kù yóò máa wá ohun tó ń fẹ́ gbọ́. Ìbéèrè ni kí ó máa bi wọ́n: kí ló yí padà? Ṣé irú èyí lè ṣẹlẹ̀ ní káńsù tiwa? Ẹ múra sílẹ̀ pẹ̀lú pé ẹnìkan yóò wọlé láti fún akọ̀wé ní owó, tàbí láti sọ pé bàbá òun mọ alága. Ẹ má ṣe lé e kúrò lójú agbo, ẹ má sì wàásù fún un, nítorí ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ló ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é tán, kí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ gbẹ, kí atọ́kùn wá bi ìyàwó oníṣu tó wà ní ìsọ̀ kejì, tí kò lówó, tí kò sì mọ ẹnì kankan, bí òjò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ṣe rí fún un. Ìjíròrò tó máa ń tẹ̀lé èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ní ti ètò, òṣèré márùn-ún tàbí mẹ́fà tó. Ẹ kọ́kọ́ fi eré ìdárayá díẹ̀ mú ara wọn gbóná, kí ẹ to àga yípo, kí ẹ má tẹ́ tábìlì ọlọ́lá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ èdè tí wọ́n ń sọ ní títì. Ẹ má lo gbohùngbohùn bí ibẹ̀ kò bá tóbi, nítorí ẹni tó bá ti dì í mú, ọ̀rọ̀ ìpolongo ni yóò bẹ̀rẹ̀. Apá tí òǹwòran ń dá sí gbọ́dọ̀ gùn ju eré fúnra rẹ̀ lọ dáadáa.

Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ìdìbò kọ́ ni gbogbo ìkópa. Kò sí ẹni tó ń béèrè káàdì ìdìbò lọ́wọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà sí káńsù. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti ọdún 2011 sọ pé ẹnikẹ́ni lè béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Fún àwọn tó ti pé 18, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé INEC, àjọ ìdìbò orílẹ̀-èdè, ló ń fúnni ní káàdì, ṣùgbọ́n LASIEC, àjọ ìdìbò ti ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń ṣètò ìdìbò alága àti kánsẹ́lọ̀ ní Èkó, irú èyí tó wáyé ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọn. Àtúnṣe ìwé òfin ti ọdún 2018 pẹ̀lú ti sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kalẹ̀ láti 30 sí 25, ìyẹn kò sì jìnnà sí ọmọ ọdún 19.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí yín tọ̀nà, ẹ má fojú kéré e. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní gba owó, àgọ́ tàbí aṣọ lọ́wọ́ olóṣèlú kankan, pé a kò ní dárúkọ òṣìṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú eré, kí ẹ sì pe àwọn fúnra wọn wá wo ìgbaradì. Kò gbọdọ̀ sí agboòrùn tàbí fìlà ẹgbẹ́ lójú agbo. Kódà bí ìran ọjà bá nílò ìgbálẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì rọ́pò rẹ̀, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wo ìgbálẹ̀ ní Èkó ti yàtọ̀. Ní àsìkò ìpolongo ìbò, ẹ sinmi. Bí kánsẹ́lọ̀ bá fẹ́ wá wòran, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí ó jókòó láàárín àwọn ènìyàn, kí ó sì kígbe "Dúró!" bíi ti ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ohun tí yóò ṣe. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó ya fọ́tò tàbí fídíò, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi ìyà tó jẹ òun gan-an nílé ṣe eré.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ṣe eré náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà gidi, kí ó tó tutù lára wọn. Kí ó sọ ibi tí gọ́tà náà wà, ìgbà tí ó ti dí, ohun tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ ń retí ìdáhùn. Kí àgbàlagbà kan bá àwọn ọ̀dọ́ náà buwọ́ lù ú kí ó sì tẹ̀lé wọn lọ, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ ni yóò sọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn bá dé, tàbí tí kò dé, òun ni yóò jẹ́ ìran kẹrin nígbà tí ẹ bá tún péjọ. Bí wọ́n bá sì kọ̀wé pé kánáálì ìjọba ìpínlẹ̀ ló fà á, ẹ jẹ́ kí àwùjọ kọ́kọ́ fi eré wá bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ níbẹ̀, kí lẹ́tà kejì tó máa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Aláùsá pẹ̀lú ẹ̀dà èsì káńsù tí ẹ so mọ́ ọn lẹ́yìn.